Kásẹ́ẹ̀tì WHFS Tó Wà Nínú Páálí Yín: Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Ohùn Inú Rẹ̀ Là

Láti ọjọ́ tí mo ti la ẹnu sọ níbi òde kan ní Lanham pé kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba WHFS sílẹ̀ lórí rédíò ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbà lẹ́nu èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n, tèmi náà wà nínú páálí ní béésìmẹ́ńtì, kí ni kí n ṣe sí i?" Ẹlòmíì á ní òun ti fẹ́ dà á nù, torí òun ò ní ẹ̀rọ tó lè lù ú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Maryland, D.C. tàbí apá àríwá Virginia nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò rọ́ọ̀kì yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀ ni mo kọ èyí fún, yálà takisí lẹ ń wà nígbà náà, tàbí iṣẹ́ òru lẹ ń ṣe, tàbí ọmọ yín ló ń gbọ́ ọ tí ẹ ń pariwo pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

WHFS kúrò lórí 99.1 FM ní ọ̀sán ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2005, ìkànnì elédè Sípéènì ló sì gba àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. N ò ní tún ìtàn yẹn rò. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: orin kọ́ là ń wá. Orin tí wọ́n lù nígbà náà, ọjà ló wà, ẹ lè rí i rà lónìí. Ohun tí kò sí lọ́jà ni ohùn atọ́kùn láàárín orin méjì, ìpolówó ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé, ìròyìn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí Beltway, òpópónà tó yí D.C. ká, ní ìrọ̀lẹ́, àti ẹni tó fóònù wọlé tí kò mọ orúkọ orin tó fẹ́ tó wá ń kùn ún lẹ́nu. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, nítorí ohùn yẹn ni.

## Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó jókòó sórí tábìlì, irú èyí tó ní ihò okùn pupa àti funfun lẹ́yìn. Ẹ wò ó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan àlòkù.
- Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn wọ kọ̀ǹpútà láti ojú USB, tó ní ojú "line in".
- Kọ̀ǹpútà tó ní Audacity, ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.
- Isopropyl alcohol tó le dáadáa (99%), àti igi olówùú tí a fi ń nu etí.
- Pẹ́ńsù, ìwé àjákọ, fóònù tó ń ya àwòrán.
- Kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò wúlò fún yín rárá. Òun lẹ máa kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò.

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kàn máa ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ tí ẹ ó sì so mọ́ kọ̀ǹpútà, n kì í gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó rà á. Eré rẹ̀ kì í dọ́gba. Ohùn á máa lọ sókè sódò bí ẹni tó mutí yó. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ó sàn ju kí téèpù kú sínú páálí lọ, àmọ́ ẹ má tìtorí pé ẹ ti ṣe é kí ẹ ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù.

Ẹ̀yin tó sún mọ́ D.C., ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ilé ìkàwé ìjọba tí wọ́n fi orúkọ Martin Luther King Jr. pè ní àárín ìlú ní yàrá kan tí wọ́n ń pè ní Memory Lab. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tí ẹ lè fọwọ́ ara yín fi kó kásẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà láìsanwó. Ẹ gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú háàdì-dísìkì tiyín dání.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá a jáde

Béésìmẹ́ńtì nìkan kọ́. Ẹ wo abẹ́ àga ọkọ̀ àtijọ́, àpótí iwájú ọkọ̀, inú báàgì tí ọmọ yín fi lọ sí yunifásítì, àti ilé ọkọ tàbí ìyàwó àtijọ́ bí ẹ bá ṣì ń kí ara yín.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò rántí: Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1980, púpọ̀ nínú wa kì í kọ lẹ́tà sílé. Inú kásẹ́ẹ̀tì la ti ń sọ̀rọ̀, a ó sì fi rán ẹni tó bá ń lọ. A kì í sì í ra tuntun fún un; èyí tó bá wà nílẹ̀ la máa ń fi sọ ọ́, kódà kí rédíò ti wà nínú rẹ̀. Bí ìyá yín bá tọ́jú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ojú méjèèjì dé òpin. Mo gbọ́ tèmi títí dé ibi tí mo ti ń sọ pé "ó dàbọ̀ o, ẹ bá mi kí gbogbo ilé", ni WHFS bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, tó ń polówó ibi tí wọ́n ti ń ta táyà.

Bí ẹ bá ti rí wọn:

1. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára ìwé inú páálí kọ̀ọ̀kan: K01, K02, títí lọ.
2. Ẹ ya àwòrán ojú méjèèjì àti gbogbo ohun tí ẹ kọ sára rẹ̀. Gègé àtijọ́ ń ṣá. Àwòrán kì í ṣá.
3. Ẹ má tún un kọ, ẹ má fi bébà tuntun bo ti àtijọ́. "Má pa á o, ti Bọ̀dá ni" tí àbúrò yín kọ síbẹ̀, ara ìtàn ni.
4. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rántí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kó tó di pé ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ọ, ohun tí ẹ gbọ́ á da ohun tí ẹ rántí rú.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ọdún wo ni?

Àwọn èèyàn máa ń kọ "HFS, nǹkan bí 90" sára rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí atọ́kùn ń pè, tàbí tó wà lára sítíkà, ló máa kọ́kọ́ tan yín sọ́nà:

- 102.3, láti Bethesda: kò lè kọjá 1983.
- 99.1, ti Annapolis: láti 1983 títí di oṣù Kìíní 2005. Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa máa bọ́ sí.
- 105.7, ti Baltimore: 2005 sókè. Wọ́n gbé orúkọ HFS lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ti 99.1 parí, ọ̀pọ̀ sì máa ń kó méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìpolówó ọjà ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ìsọfúnni inú rẹ̀ pọ̀ ju ti orin lọ. Nọ́ńbà fóònù, fún àpẹẹrẹ: tí wọ́n bá pe nọ́ńbà Annapolis tàbí Baltimore tó fi 410 bẹ̀rẹ̀, ó ti di 1991 ó kéré tán, nítorí 301 ni gbogbo Maryland ń lò kó tó di ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá dárúkọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, a ti wọ àárín àwọn ọdún 1990. Bí wọ́n bá ń kéde HFStival, àjọ̀dún orin ọdọọdún wọn, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n kà sílẹ̀ àti pápá tí wọ́n ní ó máa wáyé, torí ìwé ìròyìn ìgbà náà á jẹ́rìí sí ọdún rẹ̀. Ojú ọjọ́ náà dára: yìnyín ńlá tó ti gbogbo ilé ìwé pa kì í ṣe nǹkan ojoojúmọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ọdún tí orin jáde kì í ṣe ọdún tí ẹ gbà á sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé téèpù yẹn kò lè dàgbà ju orin náà lọ. Ẹnìkan mú kásẹ́ẹ̀tì wá bá mi tó ní 1972 ni, torí orin 1972 ló wà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ atọ́kùn ń pe 99.1 ketekete.

Tí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì tí orin rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó gé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tó tún fò bọ́ sórí ohùn atọ́kùn, ẹ má sọ pé ó bàjẹ́. Àwọn atọ́kùn máa ń lo ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ kìkì ìgbà tí maikirofóònù wọn bá ṣí, kí wọ́n lè fi ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ara wọn tàbí kí wọ́n fi wá iṣẹ́ níbòmíì. "Aircheck" ni wọ́n ń pe irú ìgbàsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo páálí yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ

Ọ̀nà tó yá jù lọ láti ba téèpù jẹ́ ni kí ìdùnnú gbé yín, kí ẹ kì í bọnú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ojú gíláàsì rẹ̀.

Ẹ dáwọ́ dúró bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- Ó ti bu. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà létí téèpù tó wé. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti pẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí ọ̀rinrin. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ike, ẹ wọ ìbòmú, ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu. Bó bá wọ ẹ̀rọ, á ràn mọ́ gbogbo èyí tó kù.
- Ó já, tàbí ó wé kodoro. Ó ṣeé tún ṣe. Ẹ lè gbé téèpù náà sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ní ìdè kéékèèké tí a fi sukudiráfà tú ní igun rẹ̀. Téèpù tí wọ́n dìídì ṣe fún síso téèpù kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe sẹ́lótéèpù.
- Ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró nígbà tó ń yí, tó sì ń fi ẹrẹ̀ pupa rúsúrúsú sórí ẹ̀rọ. Ẹ pa á kíá.
- Ó ń rùn bí ọtí kíkan. Èyí kì í ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì, ti téèpù ńlá olóbìírípo tó ti dàgbà gan-an ni.

Lórí téèpù olóbìírípo: bí ẹnìkan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá fún yín ní irú rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti lù ú nílé. Oríṣi kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, pàápàá Ampex 456, máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ó bá ti pẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi ooru rọra gbẹ ẹ́, ní nǹkan bí 54°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n tó lù ú. Ẹ rí i pé n kò sọ pé kí ẹ gbé e sínú ààrò ilé ìdáná yín. Ẹ gbé e fún wọn.

## Ìgbésẹ̀ 4: Kíkó ohùn wọ kọ̀ǹpútà

1. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀. Lókè kásẹ́ẹ̀tì, etí ike kéékèèké méjì ló wà. Tí ẹ bá ti ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kò ní lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́, kódà bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan bọ́tìnì pupa. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.
2. Ẹ jẹ́ kó fara mọ́ yàrá. Bó bá ti béésìmẹ́ńtì tútù tàbí ọkọ̀ gbígbóná wá, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.
3. Ẹ nu ẹ̀rọ. Ẹ fi igi olówùú tó ní alcohol nu orí irin tó ń ka téèpù títí dúdú ò fi ní jáde mọ́. Rọ́bà róbótó tó ń fa téèpù, omi díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Alcohol máa ń mú kó gan. Ẹ dúró kó gbẹ.
4. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò yẹn dán an wò. Bí ẹ̀rọ bá máa jẹ téèpù, ìyẹn ni kó jẹ.
5. Ẹ yí i lọ sí òpin, kí ẹ tún yí i padà lẹ́ẹ̀kan, kó lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ C-120 (kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 120), ẹ má ṣe é. Téèpù inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù.
6. Ẹ so okùn láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sí "line in". Ojú maikirofóònù ara kọ̀ǹpútà kọ́ o. Ohùn á fọ́.
7. Ẹ to Audacity sí 48000 Hz, 24-bit, ojú méjì (stereo). Ẹ lu ibi tó pariwo jù, ẹ wo àmì ìwọ̀n ohùn: kó má kọjá nǹkan bí -6 dB. Bó bá kan òkè, ohun tó fọ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bó bá kéré, a lè gbé e sókè tó bá yá.
8. Ẹ wo Dolby, bọ́tìnì tó ń dín ariwo ṣíọ̀ téèpù kù. Tí ẹ bá kọ ọ́ sára páálí pé Dolby B lẹ fi gbà á, ẹ tan án. Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ pa á.
9. Ẹ gba ojú kan látòkè délẹ̀ láìdánu dúró. Ìṣẹ́jú 45 téèpù, ìṣẹ́jú 45 yín ni. Kò sí àbùjá. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ ń gbọ́ àti ìṣẹ́jú tó bọ́ sí: "12:40, atọ́kùn ń bú ojú ọjọ́, 14:05, ìpolówó ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù".
10. Ẹ pa á mọ́ sí WAV, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára ohùn. Wákàtí kan tó nǹkan bí 1 GB, nítorí náà C-90 kan á gba 1.5 GB. Ogójì kásẹ́ẹ̀tì á tó nǹkan bí 60 GB. Háàdì-dísìkì tó kéré jù lọ lọ́jà lónìí gbà á, àyè á sì ṣẹ́kù.

Bí ohùn bá dàbí pé ẹnìkan fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó lè jẹ́ pé orí ẹ̀rọ yín àti ti ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀ kò dojú kọ ibì kan náà. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí irin náà tí a lè fi sukudiráfà yí díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi là. Ọwọ́ ẹni tó bá ti ṣe é rí ló dára kó ṣe é.

### Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

Fífi kọ̀ǹpútà "fọ" ohùn. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní àtúnṣe kankan. Bí ẹ bá fọ ariwo ṣíọ̀ kúrò, ó máa ń mú díẹ̀ lára ohùn atọ́kùn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó mọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì.

Fífi MP3 ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo. MP3 dára fún fífi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má fi ṣe ilé.

Gígé ọ̀rọ̀ kúrò. Èyí dùn mí, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì 11 fún ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá mi gbé e sórí CD. Nígbà tí mo padà dé, CD méjì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, orin nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gé gbogbo ọ̀rọ̀ àti ìpolówó dànù. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ṣe mí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n ní àwọn ti dà wọ́n nù. Owó tí mo san, n ò rí i gbà padà. Ohùn yẹn náà, bákan náà. Bí ẹ bá máa gbé e fún ẹlòmíì, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: "Ẹ má gé ohunkóhun. Ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì padà." Ẹ gbé ẹyọ kan fún wọn ná kí ẹ fi mọ ọwọ́ wọn.

Pípa ojú kejì rẹ́ torí "kì í ṣe rédíò". Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì K07 tèmi, ìsọmọlórúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Hyattsville ló wà níbẹ̀. Ẹ gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ WHFS nígbà náà, irú ayé tó ń gbé nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Orúkọ fáìlì àti ẹ̀dà

Ẹ má sọ ọ́ ní "rock1 final TUNTUN". Ẹ lo ìlànà kan fún gbogbo wọn:

WHFS_1989-08-xx_K07_A.wav

A dúró fún ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì, B fún ojú kejì. Ibi tí ẹ kò mọ̀, ẹ fi x sí i. Ẹ má méfò. Ẹ fi fáìlì ọ̀rọ̀ kan tì í tó sọ ẹni tó gbà á sílẹ̀, ìlú tó wà, irú ẹ̀rọ tí ẹ fi kó o, àti àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú tí ẹ ṣe.

Ẹ̀dà mẹ́ta, sórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé: háàdì-dísìkì kan lọ́dọ̀ yín, òmíràn lọ́dọ̀ ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ìlú mìíràn, ẹ̀kẹta lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹlòmíì ò ti lè wọ̀ ọ́. CD tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, ẹ má gbára lé e. Lọ́dọọdún, ẹ ṣí wọn wò. Èmi máa ń ṣe é ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní.

Kásẹ́ẹ̀tì gan-an, ẹ yí i dé òpin, ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀, ẹ gbé e dúró bí ìwé. Ibi tó tutù, tó gbẹ, tó jìnnà sí àjà ilé àti ẹ̀yìn gbohùngbohùn ńlá.

## Sítíkà, tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù

Èyí kò le. Ẹ síkáànì ìwé àti fọ́tò ní 600 dpi. Ẹ má fi ike gbígbóná bò wọ́n, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ álúbọ́ọ̀mù. Sítíkà tó wà lára bọ́ńpà ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ tà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó gbìyànjú láti ṣí i, torí ó ṣeé ṣe kó fàya. Ẹ̀wù HFStival, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ká a sínú aṣọ òwú funfun, ẹ má gbé e kọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹnu àwọn tó gbọ́ ọ

Téèpù lè dúró díẹ̀. Èèyàn kì í dúró. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí aládùúgbò tó gbọ́ ọ láti ìgbà 102.3, tọ̀sán-tòru lẹ fi máa lọ bá a.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: ní Maryland, òfin kò gbà kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, lórí fóònù tàbí lójúkojú, àyàfi bí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá gbà. D.C. àti Virginia kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan péré nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá gbà, ó ti tó. Ẹ má fi ìyàtọ̀ yẹn ṣeré. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un béèrè nígbà tí ẹ̀rọ ti ń gbà, kí "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

"Kí lẹ rántí nípa WHFS?" jẹ́ ìbéèrè tí kì í bí nǹkan kan. Wọ́n á ní, "Ó dára gan-an." Ó tán. Ẹ béèrè nǹkan tó ṣeé fojú rí:

- Rédíò wo lẹ fi ń gbọ́ ọ, níbo ló jókòó sí nínú ilé?
- Ibo lójú ọ̀nà ni ohùn rẹ̀ ti máa ń ṣá?
- Ta ló sọ fún yín pé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ wà?
- Atọ́kùn wo lẹ fẹ́ràn, báwo ló ṣe máa ń kí èèyàn?
- Níbo lẹ wà ní ọ̀sán ọjọ́ tó parí?

Ìbéèrè kejì yẹn ni kí ẹ má gbàgbé. N kò tíì rí ẹni tí kò ní ìdáhùn sí i. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ti atọ́kùn, orúkọ Weasel tàbí Damian Einstein á jẹ yọ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sín ohùn wọn jẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín bo ọ̀rọ̀ náà.

## Ṣé kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ ní sùúrù. Orin inú rẹ̀ ní onílé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí afẹ́fẹ́ náà ní onílé. Pé ẹ fọwọ́ ara yín gbà á sílẹ̀ kò sọ ọ́ di tiyín. Àwọn kan máa ń sọ pé orin tó ti ṣáájú 1972 kò ní onílé. Òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2018 ti pa ìyẹn rẹ́. YouTube fúnra rẹ̀ máa ń dá orin mọ̀, ó sì lè dí fídíò yín pa.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń ṣe ẹ̀dà kan tí mo ti gé orin rẹ̀ ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ohùn atọ́kùn àti ìpolówó wá tò tẹ̀ léra. Ìyẹn ni mo ń fi han èèyàn. Odindi rẹ̀, ilé ló ń gbé. Èyí kò sọ pé kò sẹ́ni tó lè bi yín o, àmọ́ ó dín in kù.

Odindi rẹ̀ yẹ ní ilé ìkówèésí ńlá, torí òfin fún irú wọn ní àyè láti ṣe ẹ̀dà fún ìtọ́jú. Yunifásítì Maryland ní College Park ní àkójọ kan tó dá lórí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, Library of American Broadcasting, nínú Hornbake Library. Fún ti rọ́ọ̀kì pọ́ńkì ìlú náà, ilé ìkàwé D.C. ní DC Punk Archive. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó gbé páálí lọ, ẹ fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ tó gún régé ló máa jẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn. Kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé wọ́n á kó o wọ kọ̀ǹpútà, ta ló lè gbọ́ ọ, ṣé wọ́n á fún yín ní ẹ̀dà?

## Bí ẹ kò bá ní kásẹ́ẹ̀tì rárá

Ẹ lọ sórí Wayback Machine ti archive.org, ẹ tẹ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lára sítíkà tàbí ẹ̀wù sí i. Ohun tí wọ́n kó pa mọ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1996. Ẹ fi káàdì ilé ìkàwé yín wá inú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ bíi *Washington Post* àti *Washington City Paper*.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ tiyín sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó. Ọjọ́ bí ẹ bá ṣe mọ̀ ọ́n tó, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń ṣe, ohun tí ẹ gbọ́. Ní èdè Yorùbá bó bá jẹ́ pé òun ló yá yín lẹ́nu. Èyí ni ọ̀kan nínú tèmi, kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ:

*Oṣù Kẹjọ 1989, tàbí 1990. Aago kan òru ti kọjá. Mo gbé ọmọkùnrin òyìnbó kan ní Union Station, Tenleytown ló ń lọ. 99.1 wà lórí rédíò, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n gbé e sókè díẹ̀. Atọ́kùn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, ó wá fi orin kan sí i tó gùn. A dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sanwó, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí orin yẹn parí ná. Sóònù, ìyẹn àgbègbè tí a bá gbà kọjá, ni wọ́n fi ń gbowó takisí ní D.C. nígbà náà, kì í ṣe míta, nítorí náà kò sí owó kankan tó ń gorí owó. Mo pa iná iwájú ọkọ̀.*